Àkísà ni kí ẹ gbé lọ fún wọn

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́: “Ọdún 8 rèé tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka dísáìnì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí pé kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi àpérò dísáìnì wọn, wọ́n sì fún mi ní ìṣẹ́jú 40. Inú mi dùn, àmọ́ àyà mi ń já. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi yóò wà níjòókòó. Kí ni mo fẹ́ sọ tí wọn ò mọ̀? Báwo ni kí n ṣe múra sílẹ̀?”

Ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ń dẹ́rù bà yín bẹ̀rẹ̀, torí ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bí gbogbo ìyókù ṣe máa rí. Àwọn olùkọ́ yín mọ ohun tí wọ́n kọ́ yín. Ohun tí wọn ò rí ni bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ṣe nígbà tó dé iwájú oníbàárà tí owó rẹ̀ kò tó, tí kò ní sùúrù, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ò tíì rí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí: sọ́fítíwíà tí ẹ ń lò ni àwọn náà ń lò, iṣẹ́ tó ti parí, tó ń dán, sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé wọ́n lè wo ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Àkísà ni wọn ò ní: ẹ̀dà kìíní tó kùnà, ẹ̀dà kẹta tí oníbàárà dá padà, bọ́tìnnì tí ẹ rò pé ó hàn kedere tí àwọn èèyàn ò sì rí. Ìyẹn ni kí ẹ dì lẹ́rù.

Iṣẹ́ kan, kí ẹ tú u palẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù fún ẹni tó ń padà sí iléèwé rẹ̀ ni pé á kó iṣẹ́ 15 tàbí 20 jọ, á wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi àwòrán ìgbéyàwó han àlejò. Ó dùn ún wò, àmọ́ kò sí ohun tí ẹni tó jókòó lè mú lọ. Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, àyè á wà láti sọ ohun tó jẹ́, àyè ò ní sí láti sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó jẹ́ èyí tí ẹ̀rí ìrìn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín, ìyẹn àwòrán ìdánwò, ẹ̀dà àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ. Kí ibi kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ti ṣìnà. Kí ìpinnu kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe é. Kò pọn dandan kó jẹ́ iṣẹ́ yín tó lókìkí jù. Iṣẹ́ kékeré tí ẹ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ sàn ju iṣẹ́ ńlá tó jẹ́ pé igun kan péré lẹ fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká fi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ orí fóònù ṣe àpẹẹrẹ. Síláìdì kìíní ni ẹ̀dà àkọ́kọ́: àpótí 9 tó tò sójú ewé kan, láti orúkọ àti ọjọ́ ìbí títí dé àdírẹ́sì. Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ wá bi wọ́n pé, “Níbo lẹ rò pé àwọn èèyàn ti máa jáwọ́?” Ẹ gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Síláìdì kejì wá fi ibi tí wọ́n ti jáwọ́ gan-an hàn, pẹ̀lú ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ jókòó ti èèyàn 5 bí wọ́n ti ń kún un. Bóyá àtàǹpàkò wọn ń bọ́ sórí “Padà” nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ “Tẹ̀síwájú”, torí bọ́tìnnì méjèèjì kéré, wọ́n sì fara kan ara wọn. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti sọ pé ìlànà Apple ní kí ohun tí a ó fi ìka tẹ̀ má ṣe kéré sí póíǹtì 44 ní ìbú àti ní gíga, àti pé ti Android jẹ́ dp 48; òṣùwọ̀n ohun tó wà lójú fóònù ni méjèèjì. Ẹni tó bá ka nọ́ḿbà yẹn nínú ìwé lásán á gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àtàǹpàkò tó ń ṣìnà, nọ́ḿbà náà á di tirẹ̀. Síláìdì kẹta ni ẹ̀dà tí ẹ rò pé ó yanjú ọ̀rọ̀ náà, tí oníbàárà kọ̀, àti gbólóhùn tó fi kọ̀ ọ́, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìkẹrin ni èyí tó jáde fún ará ìlú, àti ohun kan nínú rẹ̀ tó ṣì kù díẹ̀ káàtó títí dòní.

Ohun ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ olùsọ̀rọ̀ máa ń fò, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹ fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rò pé iṣẹ́ òun nìkan ni kì í pé tán nílò láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti ń jẹun lórí iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ tó ti wọ ìtàn pàápàá ní àkísà tirẹ̀. Àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú Lọ́ńdọ́nù tí Harry Beck yà jẹ́ ọ̀kan. Ní 1931 ló gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ pé ó ti yàtọ̀ jù. Kò ka bí ibùdókọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì sí. Ilà tó dúró gbọnrangandan, èyí tó dùbúlẹ̀ àti èyí tó dagun ní ìwọ̀n dígírì 45 ló fi to gbogbo rẹ̀. Oṣù Kìíní 1933 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn èrò ọkọ̀. Àwòrán ìdánwò rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ́nù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí èyí tó parí nìkan, á rò pé ńṣe ló já bọ́ láti òkè bẹ́ẹ̀. Bó bá rí ti ìdánwò ṣáájú, tó sì gbọ́ pé wọ́n kọ̀ ọ́, á mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é.

Bí ẹ bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ yín, ẹ ṣọ́ “a” àti “mo”. Ibi tí ikọ̀ ti ṣe é, ẹ sọ “a”, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ jẹ́ àti ohun tí oníkálukú ṣe. Ibi tó jẹ́ tiyín, ẹ sọ “mo” láìtijú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé ẹnì kan ló dá ṣe iṣẹ́ èèyàn 6 á lọ sílé lọ fi ìyà jẹ ara rẹ̀.

Àṣẹ oníbàárà

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti oníbàárà, ẹ ka ìwé àdéhùn yín lónìí, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè àṣẹ, ó pẹ́ tán nígbà tí àpérò bá ku ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ sọ ọ́ ní pàtó: àwòrán wo lẹ fẹ́ fi hàn, irú èèyàn wo ló máa wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa gbà á sínú fídíò. Ẹ dárúkọ ẹ̀dà tí wọn ò lò náà, torí ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fẹ́ kó hàn síta. Àṣẹ ẹnu ò tó. Ẹni tó fún yín láṣẹ lè ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ mú iṣẹ́ mìíràn.

Bí wọ́n bá gbà, àmọ́ tí wọ́n ní kí orúkọ má hàn, ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe máa bò ó. Sísọ ọ̀rọ̀ di bàìbàì kò tó, irinṣẹ́ wà tó lè tú u. Àpótí dúdú tí a gbé lé ọ̀rọ̀ nínú PDF tún burú jù: ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ digbí, ẹnikẹ́ni lè fi kọ́sọ̀ fà á kó sì dà á kọ síbòmíràn. Ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò nínú fáìlì, ẹ kọ orúkọ àtọwọ́dá sípò rẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú ewé náà jáde bí àwòrán PNG. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ abẹ́ síláìdì wò pẹ̀lú. Ó máa ń bá fáìlì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí.

Lẹ́tà sí àwọn tó ṣètò

Lẹ́tà kan tó kún máa ń gbani lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Ẹ bi wọ́n nínú rẹ̀: ọdún kelòó làwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wá, wọ́n máa tó mélòó, ìbéèrè àti ìdáhùn ha wà nínú ìṣẹ́jú 40 yẹn? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ṣáájú yín, kí ló sì fẹ́ sọ? Kọ̀ǹpútà ta la máa lò? Ojú-àwòrán wọn jẹ́ 16:9 (ìbú sí gíga) tàbí 4:3 àtijọ́? Ohùn fídíò máa ń jáde nínú gbọ̀ngàn? Wọ́n máa gbà á sílẹ̀, ibo ni wọ́n sì máa gbé e sí? Ta ló máa san owó ọkọ̀ àti ibùsùn? Ẹ béèrè ti owó yìí ní tààrà, kí ẹ sì béèrè ní kùtùkùtù. Iléèwé tó ní nǹkan á sọ iye rẹ̀, èyí tí kò ní á sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bínú. Ọ̀rọ̀ owó tí a gbé pamọ́ di ọ̀sẹ̀ àpérò ló ń dìjà.

Ẹ so ọ̀rọ̀ nípa ara yín mọ́ ọn, bíi ọ̀rọ̀ 60, àti àlàyé ohun tí ẹ fẹ́ sọ, bíi ọ̀rọ̀ 100. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, àwọn ni wọ́n máa kọ ọ́ fún yín, ohun tí wọ́n bá sì rántí láti ọdún 8 sẹ́yìn ni wọ́n máa kọ.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ bi olùkọ́ kan lọ́tọ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: iṣẹ́ wo làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lọ́wọ́ báyìí? Bí ó bá ní wọ́n ń ṣe páálí ọjà, ẹ wá ibì kan nínú ìtàn yín tó kan páálí, kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ti tó. Àwọn tó ti ń wo fóònù á gbé ojú sókè.

Ìṣẹ́jú 40 kì í ṣe ìṣẹ́jú 40

Ẹ fi 2 sílẹ̀ fún ẹni tó máa fi yín han àwùjọ àti fún síso wáyà, ẹ fi 10 sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ó ku 28. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 25, torí lójú àwùjọ, ẹ máa dúró díẹ̀ fún ẹ̀rín, ẹ máa mumi, ẹ máa tún gbólóhùn kan sọ. Nínú 25 yìí, kí ìṣẹ́jú 17 tàbí 18 jẹ́ ti iṣẹ́ kan yẹn.

Ìrántí iléèwé ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo mọ̀ pé ó máa wù yín láti sọ ti yàrá ìyàwòrán, ti òru tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ti ìnagijẹ tí ẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni ọdún 19 tó jókòó níbẹ̀ kò mọ ẹ̀rọ yẹn, wọ́n lè ti gbé e dànù. Ìrántí tó bá máa wọlé ni kó jẹ́ èyí tó gbé iṣẹ́ yín ró, bíi iṣẹ́ àṣetiléwá kan tí ẹ gba máàkì kékeré nínú rẹ̀ àti ohun tó fà á. Bí àwòrán iṣẹ́ yẹn bá ṣì wà, ẹ gbé e sójú. Kò sí síláìdì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wò tó ìyẹn.

Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, pẹ̀lú aago, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ̀kíní ní ìjókòó, ẹ̀kejì ní ìdúró pẹ̀lú síláìdì, ẹ̀kẹta níwájú ẹnì kan tí kì í ṣe dísáínà. Kíkà á nínú ọkàn kì í sọ òótọ́ nípa aago. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sí síláìdì mẹ́ta tí ẹ lè fò láìjẹ́ pé ìtàn já. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú yín lè jẹ ìṣẹ́jú 10 nínú àkókò yín, ọjọ́ yẹn sì kọ́ ni ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹ máa gé. Gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ̀ lórí; ibẹ̀ ni ohùn ti ń gbọ̀n jù, bí ẹnu bá sì ti já geere ní ibẹ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Síláìdì

Ibí ni ọ̀pọ̀ dísáínà ti ń já ara wọn kulẹ̀, ó sì dùn mí, torí iṣẹ́ wa ni. Ohun tó ń fà á ni pé nǹkan bí ìdajì mítà ni láptọ́ọ̀pù wà sí ojú wa nígbà tí a bá ń ṣe síláìdì. Ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lè jìnnà sí ojú-àwòrán ní ìlọ́po 8 gíga rẹ̀. Ẹ lè dán an wò nílé. Láptọ́ọ̀pù oníǹṣì 14 tí ojú rẹ̀ jẹ́ 16:9 ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17, ìlọ́po 8 rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mítà 1.4. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, kí ẹ rìn sẹ́yìn ní mítà kan ààbọ̀. Ohun tí ẹ ò bá lè kà níbẹ̀ láìfúnjú, ẹ sọ ọ́ di ńlá tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Pańpẹ́ kan tún wà nínú nọ́ḿbà. Síláìdì PowerPoint tó fẹ̀ ní 16:9 ga ní póíǹtì 540. Férémù 1920 sí 1080 tí ẹ ń yà nínú Figma, sọ́fítíwíà dísáìnì, ga ní píksẹ́lì 1080, ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Nítorí náà, lẹ́tà 24 nínú Figma kò ju lẹ́tà 12 lọ lórí síláìdì, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń tẹ lẹ́tà sórí bébà. Lójú tèmi, 28 ló kéré jù fún gbọ̀ngàn, èyí tó túmọ̀ sí 56 nínú Figma. Ó máa dà bíi pé ó tóbi jù lójú yín. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Pùrójẹ́kítọ̀ kò lè tan òkùnkùn. Ohun tí ẹ pè ní dúdú ni ibi tí iná rẹ̀ kò dé lára aṣọ funfun tó ń tàn sí, bí iná gbọ̀ngàn bá sì wà ní títàn, dúdú náà á di eérú. Ìdí nìyẹn tí síláìdì aláwọ̀ dúdú tó gbayì lójú láptọ́ọ̀pù fi máa ń ṣá lójú ògiri. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa pa iná. Bí wọn ò bá ní pa á, ẹ lo ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun. Ìlànà WCAG, èyí tó wà kí gbogbo èèyàn lè lo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ìpele tó ga jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ 7 sí 1. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé ìlànà náà kà, kì í ṣe gbọ̀ngàn tí oòrùn ń wọ̀, nítorí náà ẹ mú 7. Eérú tí kóòdù àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ #767676 lórí funfun kọjá 4.5 ní díẹ̀ péré. #595959 ló dé 7. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ẹ yẹra fún un. Pupa àti àwọ̀ ewé tí ẹ fẹ́ fi sọ ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì, ẹ fi ọ̀rọ̀ tàbí àmì tì í lẹ́yìn, torí nínú gbọ̀ngàn tó kún, kò lè ṣe kó má sí ẹni tí méjèèjì jọ rí bákan náà lójú rẹ̀. Ẹ gbé àwòrán jáde ní sRGB, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú-àwòrán mọ̀. Kí ẹ sì má kọ ohunkóhun sí ìdá kan nínú márùn-ún ìsàlẹ̀ síláìdì: orí àwọn tó jókòó síwájú ló ń bo ibẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà nínú rẹ̀, ẹ wo àmì ohùn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. “Ẹ” àti “ọ” ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà ní nọ́ḿbà lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ “ẹ́”, “ẹ̀”, “ọ́” àti “ọ̀” kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ṣe ń so wọ́n á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó lọ yá lẹ́tà yẹn nìkan láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Lórí síláìdì tí lẹ́tà rẹ̀ ga tó apá èèyàn, gbogbo ojú ló máa rí i.

Fún ohun èlò, ẹ kó fáìlì mẹ́ta lọ: ojúlówó, PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀dà kan lórí fíláàṣì tó yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù. Kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì yín kò sí lórí rẹ̀ á fi òmíràn rọ́pò láìsọ fún yín, ìlà á gùn jù, ọ̀rọ̀ á já sísàlẹ̀. PDF ò ní jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, àmọ́ fídíò kì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kó fídíò sọ́tọ̀ bíi MP4 tó jẹ́ H.264, irú èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè ṣí. Ẹ mú ṣaja, ohun tí a fi ń so USB-C mọ́ HDMI, àti bátìrì tuntun fún rìmóòtù tí a fi ń yí síláìdì. Ẹ pa ìkìlọ̀ WhatsApp àti ti í-meèlì. Ẹ má gbójú lé íntánẹ́ẹ̀tì iléèwé: ọjọ́ àpérò ni gbogbo èèyàn ń lò ó.

Bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ fi áàpù kan hàn ní ojú ẹsẹ̀, ẹ gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968, Douglas Engelbart fi máòsì àti ọ̀nà tuntun tí a fi lè lo kọ̀ǹpútà han àwùjọ ní San Francisco fún ìṣẹ́jú 90, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà tó ń lò wà ní ìlú mìíràn, Menlo Park. Ó yọrí sí rere, àmọ́ odidi ikọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ.

Ní ọjọ́ náà

Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ so láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí síláìdì kìíní àti ìkẹyìn, ẹ gbọ́ ohùn fídíò, kí ẹ wá rìn lọ jókòó sí ìlà ìkẹyìn láti ibẹ̀ wò ó. Máìkì kékeré tí a ń há mọ́ àyà ni kí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sísàlẹ̀ àgbọ̀n, kí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ìborùn má sì gbá a. Àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde nílò ìgbànú tàbí àpò, ẹ ronú kan aṣọ tí ẹ máa wọ̀. Bó bá jẹ́ máìkì ọwọ́ ni, kí ó wà nítòsí àgbọ̀n, bí orí bá yí, kí òun náà yí. Ẹ wo ojú-àwòrán díẹ̀, kí ẹ wo èèyàn púpọ̀.

Àwọn olùkọ́ yín: ẹ lọ kí wọn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè tí wọ́n ní báyìí, torí ẹni tó jẹ́ olùkọ́ kékeré nígbà yẹn lè ti di ọ̀gá ẹ̀ka. Lórí pèpéle, gbólóhùn ìdúpẹ́ kan tó ní ohun pàtó nínú ti tó: “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa tẹ iṣẹ́ jáde sórí bébà kí n tó sọ pé ó parí, ìyẹn ló gbà mí lọ́dún náà lọ́hùn-ún.” Èyí dára ju oríkì ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ ni “wọn ò kọ́ wa níléèwé”. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pàtẹ́wọ́, àmọ́ ní ọjọ́ kejì, inú kíláàsì yẹn náà ni wọ́n máa padà sí, pẹ̀lú olùkọ́ tí ẹ ti dín iyì rẹ̀ kù. Bí ohun kan bá wà tí ẹ̀kọ́ kò kàn, bíi kíkọ ìwé iye owó iṣẹ́, ẹ kàn kọ́ wọn níbẹ̀. Ẹ fi ojú ewé kan hàn wọ́n, ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ tí a máa ṣe, iye ìgbà tí a máa tún un ṣe, ìgbà tí owó máa wọlé, ẹni tó ni fáìlì. Àbá tí ẹ bá ní fún ẹ̀ka náà, ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ yín ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tó bá kan ìbéèrè, ìdákẹ́jẹ́ máa wà. Ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín. Ọwọ́ kan á nà. Ẹ tún ìbéèrè náà sọ kí ẹ tó dáhùn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn àti àwọn tó máa wo fídíò lè gbọ́. Wọ́n máa béèrè iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́: láti iye kan sí iye kan, ọdún wo lẹ mọ̀ ọ́n sí, irú iléeṣẹ́ wo. Wọ́n máa béèrè sọ́fítíwíà tó yẹ kí wọ́n kọ́. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń lò, kí ẹ fi kún un pé ó máa yí padà. Ìbéèrè tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, pàápàá lójú olùkọ́ yín. Ìyẹn náà wà lára àkísà.

Lẹ́yìn ètò, àwọn kan máa yí yín ká pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tó ti wà ní ṣíṣí. Ẹ ti ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún wọn ṣáájú, ìṣẹ́jú 10 fún ẹnì kan, nínú yàrá tí tábìlì wà. Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ bi í pé, “Ibo nínú iṣẹ́ yìí ni ọkàn rẹ kò ti balẹ̀?” Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tààrà. Ẹ sọ ohun méjì tó lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ má sọ méje. Ẹ má ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ayọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí àkókò kò tó fún, ẹ gba àdírẹ́sì í-meèlì rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa fèsì fún un, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lójú rẹ̀.